Ojú Inú Ọmọ àti Ìwé Rere Nínú Ilé Onígbàgbọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí àti àwọn olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi sọ ní ọjọ́ kejì Àpéjọpọ̀ Ìjọ)

 

Àwọn tí ó ṣètò àpéjọpọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí ọmọ, ìwé àti ìgbàgbọ́. Bí a bá ní kí a sọ òtítọ́, iṣẹ́ tí wọ́n rán wa yìí wúwo lọ́kàn wa, nítorí pé nínú ọ̀ràn yìí gan-an ni àwa fúnra wa ti ṣẹ̀ rí, ọmọdé ni a sì ṣẹ̀. A ó sọ ọ́ fún yín bí a bá dé ibẹ̀. A kò ní fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè kan tí wọ́n bi wá.

Ní ọdún tí ó kọjá, a bẹ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka wa wò ní ilẹ̀ Ghana. Lẹ́yìn ìsìn, arábìnrin kan tí ń ta aṣọ ní ọjà fa ọmọbìnrin rẹ̀ lọ́wọ́ wá sọ́dọ̀ wa. Ó ní ọmọ òun fẹ́ràn ìwé ìtàn ju oúnjẹ lọ, bí owó kékeré bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, ìwé ni. Lẹ́yìn náà ni ó sọ ohun tí ó ń dùn ún. Ó ní, "Ẹ gbà mí, Pásítọ̀. Nínú àwọn ìwé yìí, ẹranko ń sọ̀rọ̀, igi ń rìn, ọmọ kékeré ń bá òmìrán jà. Ẹranko kì í sọ̀rọ̀ o. Ṣé kì í ṣe irọ́ ni mo ń fi owó ọjà mi rà fún ọmọ mi?"

Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín arábìnrin náà. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ti aláìmọ̀kan. Ẹni tí ó kórìíra irọ́ ni ó lè béèrè bẹ́ẹ̀, ìbá sì dára kí irú wọn pọ̀ láàrin wa. Ìdáhùn tí a fún un lọ́jọ́ náà kò kún tó, nítorí pé ọkọ̀ ń dúró dè wá. Ohun tí a kò ráyè sọ fún un ni a fẹ́ sọ fún gbogbo yín lónìí.

Àwọn baba wa kò ka Bíbélì, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàrin àlọ́ àti irọ́. Ẹ rántí bí alálọ́ ṣe máa ń parí àlọ́ rẹ̀ ní alẹ́, nígbà tí oṣùpá bá mọ́lẹ̀ rokoṣo. A máa búra pé bí òun bá purọ́, kí agogo ẹnu òun má ṣe ró, lẹ́yìn náà ni yóò fi ọwọ́ lu ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, agogo náà yóò sì ró, "pó, pó, pó!" Gbogbo ọmọ tí ó jókòó níbẹ̀ ni ó mọ̀ pé Ìjàpá kò gun orí igi lọ jẹun ní ọ̀run rí. Síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó pe alálọ́ ní elékèé. Òpùrọ́ fẹ́ kí o gba ohun tí kò ṣẹlẹ̀ gbọ́ kí ó lè rí ọ jẹ. Alálọ́ kò fi ohunkóhun pamọ́ fún ọ, ó ti kígbe "Àlọ́ o!" kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ìwọ fúnra rẹ sì ni o dá a lóhùn. Ohun tí ó ń fún ọ ni ojú láti fi rí ọ̀kánjúà nígbà tí ọ̀kánjúà bá wọ ilé rẹ.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ti àwọn kèfèrí nìyẹn, kí ó ṣí Ìwé Mímọ́. Ní Onídájọ́ orí kẹsàn-án, Jótámù dúró lórí òkè Gérísímù, ó sì sọ ìtàn àwọn igi tí ó jáde lọ láti fi ọba jẹ. Àwọn igi náà rìn, wọ́n sì sọ̀rọ̀, inú Bíbélì ni! Nínú Sámúẹ́lì Kejì orí kejìlá, Nátánì tọ Dáfídì lọ lẹ́yìn ọ̀ràn Úráyà. Bí wòlíì náà bá ti wọlé pẹ̀lú ẹ̀sùn, ó ṣeé ṣe kí ọba ti múra ìdáhùn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn ni ó mú wọlé, ìtàn tálákà kan àti ọ̀dọ́ àgùntàn rẹ̀ kan ṣoṣo tí ń jẹ nínú àwo rẹ̀. Dáfídì bínú, ó dá ẹjọ́, kò sì mọ̀ pé òun dá a fún ara òun. Ìtàn gba ẹnu ọ̀nà tí ẹ̀sùn kò lè gbà wọlé. Olúwa wa fúnra rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí Mátíù ti kọ ọ́ ní orí kẹtàlá, kò bá ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ̀rọ̀ láìsí òwe. Nígbà tí amòfin béèrè ẹni tí í ṣe aládùúgbò òun, kò ka òfin sí i létí. Ó mú un rin ojú ọ̀nà Jẹ́ríkò, ó sì jẹ́ kí ó rí ará Samáríà náà tí ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ẹran rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ohun tí à ń pè ní ojú inú. Agbára tí Ẹlẹ́dàá fi sínú ènìyàn ni, láti rí ohun tí kò sí níwájú rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó gbin kòkó ní ọdún yìí ti rí èso rẹ̀ kí igi tó so. Aránṣọ ti rí bùbá náà nínú aṣọ títẹ́ kí ó tó fi sísọ́ọ̀sì kàn án. Kí sì ni Hébérù orí kọkànlá ń sọ nípa ìgbàgbọ́ bí kò ṣe pé ó ní í ṣe pẹ̀lú ohun tí ojú kò tí ì rí? A kò wí pé ojú inú ni ìgbàgbọ́. Ẹ̀bùn Ọlọ́run ni ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Pọ́táàkọ́tì tí kò rí olùṣọ́-àgùntàn rí, tí ó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta àti ọkọ̀ epo ni ó ń rí lójoojúmọ́, pẹ̀lú kí ni yóò fi gbọ́ ohun tí Dáfídì ń sọ nínú Sáàmù kẹtàlélógún? Bí ojú inú rẹ̀ bá là, yóò rí pápá náà àti omi náà. Bí a bá ti fọ́ ojú náà ní kékeré, yóò mọ Sáàmù náà sórí, yóò sì gba ẹ̀bùn lọ́jọ́ ìkórè, kò sì ní rí nǹkan kan.

Àwa ti fọ́ irú ojú bẹ́ẹ̀ rí, tàbí a gbìyànjú láti fọ́ ọ.

Ó tó ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn báyìí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì ni, wọ́n sì rán wa lọ sí ẹ̀ka kékeré kan ní Òkè Ọya. Ọmọ mẹ́tàdínlógún ni ó wà ní kíláàsì àwọn èwe. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ọmọ opó kan tí ń ránṣọ, kò ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Bàbá ìyá rẹ̀ ni ó fi ìwé Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ránṣẹ́ sí i láti ilé, kí ó má baà gbàgbé èdè rẹ̀ láàrin àwọn tí ń sọ Haúsá. Ìwé náà ti gbó. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ìyá rẹ̀ sì ti fi òwú dúdú rán an. Bí ẹ̀kọ́ bá ti parí, àwọn ọmọ a pagbo yí i ká lábẹ́ igi dóńgóyárò, yóò sì máa kà á fún wọn. Ó ń ṣe ohùn Àgbákò, ó ń ṣe ohùn àwọn ọdẹ. Àwọn ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa pàápàá kì í lọ sílé.

Ìyá kan wá fi ẹjọ́ sùn pé ọmọ òun ń lá àlákálàá. A kò wádìí. Ní Ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé e, a gba ìwé náà lọ́wọ́ ọmọ náà lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, a pè é ní ìwé àwọn ẹ̀mí èṣù, a sì gbàdúrà lé e lórí bí ẹni pé àrùn ni ó ń ṣe é. Ó ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀wọ́ sà, Ìrágbèje sọ̀rọ̀ Ọlọ́run ní iwájú níbẹ̀." A ní kí ó pa ẹnu rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin ará, títí di ọjọ́ náà, a kò tí ì ka ojú ewé kan nínú ìwé náà. Ẹnì kan sọ fún wa pé iwin wà nínú rẹ̀, ìyẹn sì tó wa.

Ọmọ yìí kan náà ni ó máa ń béèrè ìbéèrè mẹ́ta mẹ́ta ní Ọjọ́ Ìsinmi kọ̀ọ̀kan: ta ni ó bọ́ àwọn kìnnìún nínú ọkọ̀ Nóà, kí ni Lásárù sọ nígbà tí ó jáde. Láti ọjọ́ náà, kò béèrè ohunkóhun mọ́. Ó ń wá, ó ń jókòó, ó ń ṣe "Àmín". Nígbà tí ó yá, kò wá mọ́. Wọ́n gbé wa kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún méjì, ìwé náà sì bá wa lọ ní ìsàlẹ̀ àpótí.

Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ilẹ̀kùn gbogbo ilé ìsìn pa, tí a kò lè bẹ ẹnikẹ́ni wò, a ń tú àpótí wò, a sì bá ìwé náà pàdé. A jókòó, a kà á. Alẹ́ kejì ni a bẹ̀rẹ̀ sí kà á sí etí àwọn ọmọ tiwa mẹ́ta. A kò ní tan yín: oògùn àti ọfọ̀ wà nínú rẹ̀, iwin sì pọ̀ níbẹ̀ bí eéran. Àwọn ibì kan wà tí a dákẹ́ tí a sì bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n a rí àwọn ọkùnrin tí ọba wọn rán lọ sí Òkè Láńgbòdó láti wá ire fún ìlú wọn, tí wọ́n la ewu kọjá, tí díẹ̀ nínú wọn kò sì padà. A rí Ìrágbèje pẹ̀lú, nínú ilé rẹ̀ tí ó ní ojúlé méje, tí ó fi ọjọ́ méje gba àwọn ọdẹ náà ní ìmọ̀ràn, Ọlọ́run sì wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Òótọ́ ni ọmọ náà sọ. Ojú tì wá níwájú àwọn ọmọ wa tí kò mọ ohun tí ó mú bàbá wọn dákẹ́.

Ìgbà náà ni a wá ìdí ìwé náà kàn, ohun tí a rí sì ni ó yẹ kí a kọ́ wa kí a tó fi oyè àlùfáà lé wa lórí. Ẹni tí ó kọ ọ́, Daniel Ọlọ́runfẹ́mi Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, olùkọ́ ilé-ìwé ni, ọmọ àwọn òbí tí ó gba Kristi sì ni. Ní 1938 ni ìwé náà jáde, ilé ìtẹ̀wé C.M.S., tí í ṣe ilé ìtẹ̀wé ìjọ, ni ó sì tẹ̀ ẹ́. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ Fágúnwà dáadáa ti fi hàn pé yàtọ̀ sí àlọ́ àwọn baba wa àti Bíbélì, ó tún jẹ John Bunyan ní gbèsè.

Ta ni Bunyan? Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, tí a bí ní 1628, tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ títún ìkòkò àti páànù ṣe. Ní èwe rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìtàn àwọn jagunjagun orí ẹṣin àti àwọn òmìrán dùn mọ́ òun ju Ìwé Mímọ́ lọ. Nígbà tí ó yí padà, ó kà á sí àkókò tí ó ṣòfò. Ní 1660, wọ́n jù ú sí ẹ̀wọ̀n ní ìlú Bedford nítorí pé ó ń wàásù láìgba àṣẹ, ó sì wà níbẹ̀ fún ọdún méjìlá. Ó ní ọmọbìnrin kan tí ó fọ́jú, tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀ nínú ẹ̀wọ̀n náà. Nígbà tí ó wá kọ ìtàn arìnrìn-àjò tí ń lọ sí Ìlú Ọ̀run, kí ni a rí nínú rẹ̀? Jagunjagun, òmìrán, ilé olódi, ọ̀nà igbó! Ìtàn èwe rẹ̀ tí ó rò pé ó ti ṣòfò, Olúwa ti kó o pamọ́ fún un bí igi gbígbẹ fún iná. Nígbà tí ó sì fi ìwé náà han àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ìgbàgbọ́, àwọn kan ní kí ó tẹ̀ ẹ́, àwọn mìíràn ní kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, nítorí pé àròsọ ni. Ìbéèrè arábìnrin wa ní Ghana kọ́ ni àkọ́kọ́. Ní 1678, ó tẹ̀ ẹ́.

Báwo ni ó ṣe wá dé ọ̀dọ̀ tiwa? Ní 1853 ni David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn. Anna kó àwọn ọmọdé jọ sínú ilé rẹ̀, ó ń bọ́ wọn, ó sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ ní 1860, ọ̀nà tí ó lọ sí etíkun dí, owó àti oúnjẹ wọ́n wọn, tàwọn tàwọn ọmọ wọ̀nyí. Ní 1866, ogun náà kò tí ì pẹ́ tí ó parí, ìwé Bunyan jáde ní èdè Yorùbá láti ọwọ́ Hinderer, a sì pe orúkọ rẹ̀ ní Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́. Ẹ fi ọdún náà wé èyí: ní 1884 ni odindi Bíbélì tó pé ní èdè wa, nípa làálàá Bíṣọ́ọ̀bù Crowther àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́. Ìyẹn ni pé ọdún méjìdínlógún kí àwọn baba wa tó di odindi Bíbélì mú ní èdè wọn, àwọn àgbà ìjọ ti fi ìwé àròsọ lé wọn lọ́wọ́, wọn kò sì bẹ̀rù.

A ka Bunyan náà sí etí àwọn ọmọ wa. Ibì kan wà níbẹ̀ tí àwọn arìnrìn-àjò méjì ṣìnà bọ́ sọ́wọ́ òmìrán kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àìnírètí, tí ó tì wọ́n mọ́ inú túbú, tí ó nà wọ́n, tí ó sì ní kí wọ́n pa ara wọn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni ọ̀kan nínú wọn rántí pé kọ́kọ́rọ́ kan ti wà ní àyà òun láti ọjọ́ yìí wá, Ìlérí ni orúkọ kọ́kọ́rọ́ náà, kò sì sí ilẹ̀kùn tí kò lè ṣí nínú ilé náà. Àwọn ọmọ gbọ́ ọ, wọ́n lọ sùn. A rò pé wọ́n ti gbàgbé. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ìyá wọn ṣàìsàn gidigidi, ó sì wà ní ilé ìwòsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí dókítà ti bá wa sọ̀rọ̀ tí kò dára, a jókòó sí ẹ̀yìn ilé nínú òkùnkùn. Àwa tí a ń wàásù fún yín yìí, a kò lè gbàdúrà. Àbígbẹ̀yìn wa, ọmọ ọdún mẹ́jọ, jáde wá, ó gbé ọwọ́ lé wa láyà, ó ní, "Dádì, ẹ wò ó, ó wà níbí." A bi í pé kí ni. Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni."

Ìyá rẹ̀ wà níhìn-ín lónìí. Ó jókòó pẹ̀lú àwọn obìnrin níbẹ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí pé ara rẹ̀ yá ni a fi ń sọ èyí. Bí kò bá tilẹ̀ yá, kọ́kọ́rọ́ náà ìbá wà ní àyà wa síbẹ̀. Ohun tí a ń sọ ni pé ọmọ ọdún mẹ́jọ rí i nígbà tí àlùfáà kò rí i.

Ẹ ó wá béèrè pé, irú ìwé wo ni kí a rà? (Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń ta ìwé lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ẹ má bínú sí wa.) Kì í ṣe gbogbo ìwé tí a ya àgbélébùú sí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìwé rere. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé ọmọ burúkú jí ẹja jẹ ní ojú ewé kìíní, mọ́tò sì gbá a ní ojú ewé kejì. Ọmọ rere gbàdúrà, ó sì gba ipò kìíní. Àwọn ọmọ kì í gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ gbọ́, nítorí pé wọ́n mọ ọmọ tí ó gbàdúrà tí ó sì fìdí rẹmi. Bí ìwé ìjọ bá purọ́ fún wọn nípa ohun tí ojú wọn ń rí, wọn yóò rò pé ó purọ́ nípa ọ̀run pẹ̀lú. Èyí ni a fi ń wo ìwé ní ilé wa: ṣé ó pe ibi ní ibi? Ṣé ìwà rere ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan nínú rẹ̀? Ṣé àwa àgbà lè kà á lẹ́ẹ̀kejì kí oorun má sì kùn wá? Ìwé tí ó bá sú àgbà, ó sábà máa ń jẹ́ pé a kò bọ̀wọ̀ fún ọmọ nínú rẹ̀.

Ní ti ẹ̀rù, a mọ̀ pé òbí ń bẹ̀rù pé ìtàn yóò dá ẹ̀rù sí ọmọ lára. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní àwọn ìlú tí ìbọn ti dún ní òru, ẹ mọ̀ pé ẹ̀rù ti dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ yín kí ìwé tó dé. Ohun tí kò tí ì dé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹni tí ó la ẹ̀rù kọjá tí ó sì padà wá ròyìn. Kí òbí kà á pẹ̀lú ọmọ ni. Ẹ má ṣe fi ọmọ nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú Àgbákò. Àṣìṣe ti ìyá tí ó fi ẹjọ́ sùn nìyẹn àti ti àwa náà: ọmọ náà kò nílò kí a gba ìwé, ó nílò ẹni tí yóò jókòó tì í.

Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀ Yorùbá ń sọ fún wa pé àwọn ọmọ yín kò ka Yorùbá já gaara mọ́. Ẹ kà á sí wọn létí, yóò yé wọn ju bí ẹ ti rò lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má sì kẹ́gàn ìwé èdè ibi tí Olúwa gbin yín sí. Àwọn Haúsá ní Ruwan Bagaja ti Abubakar Imam láti 1934. Àwọn Ìgbò ní Omenuko ti Pita Nwana láti 1933. Àwọn ọmọ wa ní Ọ̀nìṣà ń rí odò Ọya lójoojúmọ́. Ẹ fún wọn ní Chike and the River, tí Chinua Achebe, ọmọ katikíìsì, kọ ní 1966, nípa ọmọ kan tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí àtigba orí odò náà kọjá sí Àsàbà. Ẹ̀yin ará Ghana ní Tawia Goes to Sea ti Meshack Asare, tí ó jáde ní 1970, nípa ọmọdékùnrin kan tí ó fẹ́ bá àwọn apẹja lọ sí òkun. Kò sí orúkọ Jésù nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó bá ti bá Tawia dúró ní etí òkun, tí ó sì ti gbóòórùn àwọ̀n, yóò mọ ohun tí Pétérù fi sílẹ̀ nígbà tí Olúwa pè é.

A kò ní sọ púpọ̀ nípa fóònù. Ẹ ti gbọ́ ìwàásù nípa rẹ̀ tó, àwa náà sì ní méjì nínú àpò. Ohun kan ṣoṣo ni a rí: ọmọ kì í gba ìwé lọ́wọ́ òbí tí fóònù kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣẹ́jú ogún ní alẹ́, lẹ́yìn àdúrà ìdílé, ó tó. Ní ilé wa, bí iná mànàmáná bá lọ, a máa ń lo àtùpà, àwọn ọmọ sì ti ń gbàdúrà báyìí pé kí iná lọ. Pọ́ọ̀lù rán Tímótíù létí ìyá ńlá rẹ̀ Lóísì àti ìyá rẹ̀ Yùníìsì, pé láti ọmọdé ni ó ti mọ Ìwé Mímọ́. Ẹnì kan jókòó ti ọmọ náà nínú ilé kan ní Lísírà, ní alẹ́ púpọ̀ tí a kò kọ sínú Bíbélì. Ẹ̀yin baba, ẹ má ṣe fi ti àwọn ìyá nìkan ṣe. Ohùn yín ni ó dára jù fún òmìrán.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọmọ tí a ṣẹ̀. Ní 2021, a kọ lẹ́tà ìtọrọ àforíjì, a di ìwé náà pẹ̀lú òwú dúdú rẹ̀ sínú àpò, a sì fi rán àlùfáà tí ó wà ní ẹ̀ka náà. Ìyá ọmọ náà ṣì wà níbẹ̀, ó ṣì ń ránṣọ. Ọmọ náà ti di géńdé, ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn. Ìyá rẹ̀ ní kì í lọ sí ilé ìsìn kankan mọ́. Kò sì dá wa lẹ́bi, èyí tí ó dùn wá ju ẹ̀bi lọ. Ó tó oṣù mẹ́rin kí èsì tó dé. Ìwé pélébé kan ni, kò kọ ju ìlà méjì lọ. Ó dúpẹ́ pé ìwé bàbá àgbà òun padà. Lẹ́yìn náà ni ó béèrè pé, "Pásítọ̀, ṣé ẹ kà á dé òpin?"

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ó bi wá nìyẹn láti ọjọ́ náà. A dáhùn, a sì bi í ní tiwa. Ó ti kọ̀wé sí wa nígbà mẹ́rin báyìí. Ẹ bá wa gbàdúrà fún un. A kò ní dárúkọ rẹ̀, Olúwa mọ̀ ọ́n.

Tábìlì kan wà ní ẹnu ọ̀nà apá òsì, Ẹgbẹ́ Àwọn Ìyá ni ó ń bójú tó o. Àpótí páànù wà níbẹ̀ fún ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, ìwé mẹ́wàá mẹ́wàá sì ni ó wà nínú rẹ̀. Kí akọ̀wé ẹ̀ka fọwọ́ sí i kí ó tó gbé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe tì í mọ́ inú ọ́fíìsì àlùfáà. Kí àwọn ọmọ máa gbé ìwé lọ sílé, bí ó bá ya, ẹ fi òwú rán an.